Ohun Tí Mo Kọ Sára Àpò Àwo

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kúrò nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ó de páálí kan mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Brobo, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí wa, pé òun á ti dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Àwo orin ló wà nínú páálí náà, ó lé díẹ̀ ní ọgọ́ta. Ó fi aṣọ àlòkù bò wọ́n lórí, ó sì fi okùn rọ́bà dì í lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ni mo bá a kó wọn sínú rẹ̀.

Ìyá wa ní, "Àwo? Nínú ogun yìí? Ṣé àwo la máa jẹ ni?"

"Ìyá, tí mo bá fi wọ́n síbí, wọ́n á kó wọn lọ. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe kó ilé tó kángun sí tiwa lánàá? Bàbá tó ti ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ rí ní Brobo máa bá mi tọ́jú wọn. Iṣu ni mo máa gbé bọ̀."

Iṣu tó dárúkọ ló pa ìyá wa lẹ́nu mọ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí ẹnu wa ò kan ju ẹ̀gẹ́ sísè lọ.

Oúnjẹ ọ̀sán jinná, ó tutù. A gbé tirẹ̀ pa mọ́. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ìyá wa gbé àpótí lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó kọjú sí títì. Ó wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Oṣù kẹta tí àwọn ológun ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké ni mò ń sọ yìí. Wọ́n ti ti ilé ìfowópamọ́, wọ́n ti ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Ọ̀nà Abidjan ti dí pa. Àwọn Yorùbá tó wà ní àdúgbò wa ní Dar-es-Salam ti ń dín kù, wọ́n ń wọ ọkọ̀ gba Burkina yípo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa kò lọ nítorí ìyá wa. Ó ní Bouaké ni òun sin ọkọ òun sí, òun ò sì mọ ẹni tí òun fẹ́ wá bá nílé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ àwo ṣe dé àárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń tún rédíò ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré débi pé bí èèyàn méjì bá jókòó síbẹ̀, orúnkún wọn á máa kan ara wọn. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ti gba ìgboro, àwọn èèyàn a máa gbé giramafóònù ògbólógbòó wá fún un pé kó tú irin inú rẹ̀ fi ṣe nǹkan mìíràn. Kì í tú u. Á tún un ṣe, á nu eruku ara rẹ̀ nù, á wá béèrè pé, "Àwo rẹ̀ ńkọ́?" Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. A kò wá àwo ńlá. Àwọn kékeré là ń wá, èyí tí orin kan wà lójú kan, tí òmíràn wà lójú kejì, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jó nígbà tí àwọn òbí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí: orin àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Abidjan tí wọ́n wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgẹ̀dẹ̀, orin Faransé tí àwọn ọmọbìnrin fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kọ, orin Kóńgò, orin Gánà, orin Kutọnu tí èèyàn máa ń gbọ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ní a kò gbọdọ̀ gba àwo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìgba ìtàn rẹ̀. Ó ní orin tó wà nínú rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ̀rún àwo mìíràn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó ni ín fi ojú rí kò sí níbòmíràn. Télọ̀ kan fún wa ní àwo tí ojú kejì rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Ọjọ́ tó rà á ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti sọ pé òun kórìíra orin tó wà lójú ọ̀hún, kò sì yí i síbẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ọmọbìnrin náà padà fẹ́. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì fún wa ní èyí tí ìlà jínjìn kan là kọjá. Orin náà ló ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ àkọ́bí kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ibi giramafóònù lọmọ rìn lọ, ó sì gbá abẹ́rẹ́ rẹ̀ mú. Obìnrin náà ní òun ò lè gbọ́ orin yẹn dé ìdajì kí òun má rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo ń kọ àwọn ìtàn náà sílẹ̀. Bàbá wa ti rán mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò ní Bouaké rí. Ó ń sọ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Faransé nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Mo ń kọ ọ́ sára àpò bébà tí àwo wà nínú rẹ̀, ní Yorùbá, nítorí pé àṣírí ni àwọn ìtàn mìíràn, a kò sì fẹ́ kí ẹni tó bá wá wo àwo rí i kà. Ó dà bí ọgbọ́n lójú mi. Mo máa ń kọ orúkọ ìlú, lẹ́tà kan nínú orúkọ ẹni tó ni ín, ọjọ́ tí a gbà á, àti bí ara àwo ṣe rí. Tí mo bá kọ "A mọ́, B3", ojú A kò ní ìlà nìyẹn, ojú B ní mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fi ọ̀dà èékánná pupa kọ nọ́ńbà sí àárín àwo, mo sì máa ń kọ nọ́ńbà kan náà sára àpò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí ẹ̀gbọ́n mi kò dé, mo lọ sí ibi tí àwọn ológun gbé igi dí ọ̀nà Brobo. Mo béèrè ọkùnrin tó gun alùpùpù, tó gbé páálí. Ọ̀kan nínú wọn tó fi ìbọn lélẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà. Kò gbójú sókè, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ pè mí.

"Anago, padà sílé ẹ."

Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n ti pààrọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn tuntun ní àwọn ò mọ nǹkan kan. Mo lọ sí ilé ìwòsàn tí àwọn dókítà òyìnbó ti ń tọ́jú àwọn tí ìbọn bà. Mo wo ojú gbogbo ẹni tó wà lórí ẹní nílẹ̀, títí kan àwọn tí aṣọ bò lójú, nọ́ọ̀sì ló ń bá mi ṣí i. Mo lọ sọ́dọ̀ olórí àwọn Yorùbá ìlú. Bàbá náà ti di ẹrù rẹ̀, àpò rẹ̀ ti wà ní ìloro.

Ó ní, "Ọmọ mi, mú ìyá rẹ kí ẹ máa lọ. Bí ó bá wà láàyè, ó mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́."

"Kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, Bàbá."

Lọ́jọ́ kejì, ilé rẹ̀ ti wà ní títì pa.

Ìyá wa kò sunkún. Lójoojúmọ́ ló ń bu oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi sọ́tọ̀, nígbà tí èyí tó wà nílé kò tó àwa méjèèjì. Lọ́jọ́ kan mo ní kó jẹ́ kí a pín in jẹ. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ lo bá a kó wọn sínú páálí." Kò tún un sọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí n kò gbọ́ ọ.

Ó di ọjọ́ kẹrìnlélógún kí n tó rí nǹkan kan. Mo mú aṣọ òkè bàbá wa lọ sọ́jà láti fi gba ìrẹsì. Ní ẹ̀gbẹ́ ọjà, obìnrin Dioula kan tẹ́ ẹní, ó kó àwọn nǹkan tí wọ́n jí nílé àwọn èèyàn sí i: gílóòbù iná, ọwọ́ ilẹ̀kùn, bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ó gbé ìkòkò kan lé orí òkìtì nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan. Mo ti kọjá kí n tó padà. Àwo orin ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa ọ̀kan jáde lábẹ́ ìkòkò, mo sì rí nọ́ńbà mi láàárín rẹ̀, pupa, pẹ̀lú bí mo ṣe máa ń tẹ ìrù nọ́ńbà méje.

Mo jókòó sórí ẹní obìnrin náà.

Mo fi èdè Dioula bi í pé, "Ìyá, ibo lẹ ti rí èyí?"

"Ṣé o máa rà á ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ni wọ́n. Ó ti sọnù."

Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó ológun kan ló kó wọn wá. Ọkọ rẹ̀ wà ní ilé ìwé tí wọ́n sọ di bárékè, lójú ọ̀nà Brobo. N kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó wọn lọ, kò sẹ́ni tó ń rà wọ́n."

"Àpò wọn dà? Àpò bébà tí wọ́n wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí àpò. Ó ní ọ̀gá wọn kó gbogbo bébà yẹn pa mọ́. Àwo nìkan ló ní kí wọ́n dà nù."

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí kí n tó lóye ohun tó sọ. Ta ló ń da àwo orin nù tó sì ń tọ́jú bébà? Ẹni tó fẹ́ ka ohun tó wà lára bébà náà ni. Mo wá rí gbogbo rẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe máa rí i: orúkọ ìlú, lẹ́tà kan, ọjọ́, nọ́ńbà, àmì, ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, lọ́wọ́ ọkùnrin àjèjì tó ń tún rédíò ṣe, lásìkò ogun. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Mo fi àwọn àwo náà sílẹ̀ níbẹ̀, mo fi aṣọ bàbá wa sílẹ̀ pẹ̀lú, àfi ìgbà tí mo dé títì ni mo rántí rẹ̀. N kò padà lọ mú un.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹ́ kí n wọ bárékè náà lẹ́yìn tí mo ti dúró nínú oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti fi àga ilé ìwé dáná. Ọ̀gá wọn jókòó ní kíláàsì kan tí wọ́n kò tíì nu pátákó rẹ̀. Kò dàgbà jù mí lọ. Ó wọ gíláàsì, ó sì ń sọ Faransé bí ẹni tó kàwé dáadáa. Wọ́n tẹ́ àwọn àpò mi sórí tábìlì níwájú rẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó ti fi bírò fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, sí abẹ́ òmíràn lọ́hùn-ún.

Ó ní, "Ta ló kọ èyí?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní èmi ni, wọ́n lè má jẹ́ kí n jáde mọ́. N kò ní í purọ́ fún yín, mo rò ó bóyá kí n sẹ́. Mo ronú nípa ìyá wa níwájú ilé, òun nìkan.

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ó ní àbúrò òun ló kọ ọ́. A ní kó kà á fún wa. Ó ní òun kò mọ Yorùbá kà. Ṣé Anago tí kò lè ka èdè rẹ̀ wà?"

"Ṣé ó wà láàyè?"

Ó mú àpò kan, ó fi hàn mí. "Kà á."

Mo kà á, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ìtàn télọ̀ ni. Ó mú òmíràn. Ìtàn oníbúrẹ́dì ni. Ó mú òmíràn, òmíràn, kò mú wọn tẹ̀ léra. Ó da èyí tí mo ti kà padà síwájú mi lẹ́yìn mẹ́wàá láti mọ̀ bóyá màá túmọ̀ rẹ̀ bákan náà. Ó béèrè ohun tí B3 jẹ́. Mo sọ fún un. Ọmọ ogun tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín.

Ó wá fi ìka tẹ ọ̀kan tó yà sọ́tọ̀. "A mú Anago kan wá láti ọjà. Ó ka díẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó ní òun kò lóye ìyókù. Èyí ló kà. Kà á fún mi."

Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ obìnrin Baoulé àgbà kan ní Brobo ni. Mo ti kọ ọ́ báyìí: *Brobo. A. Ó jáde ní Jímọ̀ọ̀. Ó ní Abidjan ni òun ń lọ. Kò lọ sí Abidjan. Obìnrin mọ ibi tó wà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. A6, B mọ́.*

"Ta ni ọkùnrin yìí?" ni ọ̀gá náà wí. "Ibo ló wà? Kí ló dé tí wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́?"

"Ọkọ obìnrin tó fún wa ní àwo ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti lé ní ogún ọdún."

"O mọ ìtàn sọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ náà lò ń túmọ̀ rẹ̀. Mú obìnrin yẹn wá. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níbí, kó tó rí bébà, kí ìwọ má sì la ẹnu. Lọ́túnla, ọkọ̀ máa kó àwọn tó wà lọ́wọ́ wa lọ sí àríwá. Mi ò ní í wà níbẹ̀ láti dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

Ó kọ ìwé kékeré kan tí màá fi kọjá lọ́nà. Nígbà tí mo ń jáde, mo pariwo orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí ìhà tí àwọn kíláàsì yòókù wà. Ológun kan fi ìdí ìbọn tì mí síwájú. N kò gbọ́ ohùn kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, alùpùpù akérò gbé mi dé Brobo. Ilé bàbá ìfìwéránṣẹ́ ti ṣófo, adìyẹ ló wà nínú yàrá rẹ̀. Ilé obìnrin náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń sá ata sórí páànù. Ó dá mi mọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ ní Baoulé mi tí kò dán mọ́rán.

Ó fetí sí mi títí. Ó ní, "N kì í dé ọ̀dọ̀ ológun." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kí ló wà lára bébà náà tí wọ́n fi fẹ́ rí èmi?"

Mo sọ ọ́.

Ó dúró pẹ̀lú ata lọ́wọ́. "O kọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́, Ìyá."

"Ohun tí mo sọ fún ẹ̀yin méjì nínú yàrá mi. Ohun tí ìyá tó bí mi kú láìmọ̀. O kọ ọ́ sínú ìwé."

Ó yí padà, ó ń sá ata rẹ̀ lọ. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí orúnkún mi kò gbà mọ́, mo jókòó sínú erùpẹ̀. Oòrùn dé àárín orí, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Obìnrin náà wọlé, ó jáde, ó gba iwájú mi kọjá bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Mo ń ka iye wákàtí tó kù. Bí ó bá kọ̀, kò sí ẹlòmíràn: télọ̀ ti sá lọ, oníbúrẹ́dì ti sá lọ, gbogbo àwọn tó ni ìtàn wa ti fọ́n ká.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé omi wá fún mi. Ó ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn ni ẹni tó jókòó síbí, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan nígbà tí mo ń sunkún?"

"Òun ni."

"Ìwọ ń kọ̀wé nígbà yẹn. Mo rò pé iye àwo lò ń kọ."

Mo sùn sí ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Láàárọ̀, ó ti wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní bárékè, wọ́n gbé àga kan fún un ní àárín kíláàsì. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ní kí n má sọ nǹkan kan. Ọkùnrin kan tó ń dáná fún àwọn ológun yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó kí obìnrin náà pẹ̀lú orúkọ ìdílé rẹ̀. Ará Brobo ni. Mo rí bí èjìká obìnrin náà ṣe wọlẹ̀ nígbà tó rí i. Ọ̀gá náà kò lé ọkùnrin náà, ó ní kó dúró kó máa túmọ̀ Baoulé fún òun.

"Ìyá, ẹ sọ ìtàn ọkọ yín fún mi."

Ó ní, "Awakọ̀ ni ọkọ mi, ó ń kó òwú. Ó jáde ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, ó ní òun ń lọ sí Abidjan. Ó kú sójú ọ̀nà. A kò rí òkú rẹ̀. A ṣe ìsìnkú, mo wọ aṣọ ọ̀fọ̀ fún ọdún kan."

Ọkùnrin tó ń dáná mi orí, ó ní òótọ́ ni, pé òun jẹun níbi ìsìnkú náà nígbà tí òun ṣì kéré.

Ọ̀gá náà wo bébà. Ó wò mí. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún. "Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Ìyá?"

Mo fẹ́ ké. Mo fi eyín di ètè mi mú títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Obìnrin náà wo ọkùnrin ará Brobo yẹn. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó tún la ẹnu, òun ló kọjú sí, kò kọjú sí ọ̀gá.

"Kò kú," ó ní. "Ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin ló lọ. Oṣù kẹrin tó jáde ni mo lọ kí àbúrò mi. Mo gbọ́ orin láti ìta, orin tó rà fún mi nígbà tó ń fẹ́ mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bá a kọ ọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí orin fi parí. N kò wọlé. Mo padà sílé, mo sì sọ fún ìyá mi pé ó ti kú. Ìyá mi ní ọmọ méjì péré. N kò fẹ́ kó pàdánù ọ̀kan nítorí èkejì."

Ọkùnrin náà kò túmọ̀. Ọ̀gá ní kó túmọ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú nílẹ̀, ní ohùn tí kò jáde dáadáa.

Ọ̀gá na bébà náà sí obìnrin náà. Obìnrin náà kò mọ̀ ọ́n kà. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wo ìwé mi, ó béèrè iná lọ́wọ́ ológun tó ń mu sìgá, ó sì dáná sun ún níbẹ̀ títí iná fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó o níka.

Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi jáde ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó rìn kọjá mi. Mo pè é, kò yíjú. Mo sáré dí i lọ́nà, ó wá fi ọwọ́ kan ojú mi bí afọ́jú. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ń pariwo sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lódì kejì odò.

"Wọ́n ní kí n kà á. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n kà. Mo sọ gbogbo ìtàn tí mo rántí fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ àwo kúrò nínú àpò, wọ́n sì ti dà wọ́n nù, n kò mọ èyí tó wà lára èwo."

Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan mọ́ láti ìgbà yẹn. Ti ọ̀tún ń gbọ́ díẹ̀. Wọ́n ti fi ìgbátí lù ú ní ibi kan náà lójoojúmọ́. Nígbà tí ó wọlé, ìyá wa dìde kúrò lórí àpótí, ó gbé oúnjẹ ọjọ́ náà fún un, ó sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Àwọn méjèèjì gba Burkina lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí oṣù tó parí. Ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń fi etí wá ibi tí rédíò ti bàjẹ́, kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́, ó ń ta wáyà àti bátìrì níbẹ̀. Ó ní òun kò bínú sí mi. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò béèrè ọ̀rọ̀ àwo lọ́wọ́ mi rí, èmi náà kò sì dárúkọ rẹ̀. Mo dúró ní Bouaké nítorí pé àwa olùkọ́ díẹ̀ tó kù ń kó àwọn ọmọ jọ sábẹ́ igi láti kọ́ wọn. Mo tún dúró nítorí pé n kò lè lọ láìtíì fojú kan obìnrin yẹn.

Nígbà tí ọ̀nà rọ̀ díẹ̀, mo gbé àpò ìrẹsì kékeré kan, mo lọ sí Brobo. Ọ̀rọ̀ náà ti délé kí n tó dé. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń pọn omi. Àbúrò rẹ̀ ti wá bá a jà lójú ọjà, àwọn ọmọ àbúrò kò sì kí i mọ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, ṣùgbọ́n èéfín ń jáde. Mo kan ilẹ̀kùn, mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

Ó dáhùn láti inú ilé.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Ó wà láàyè, Ìyá. Ó ti lọ sílé."

"Ó dáa. Ìwọ náà máa lọ."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n—"

"Mo ní kí o máa lọ."

Mo gbé ìrẹsì náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà ti yà, mo wẹ̀yìn. Ìrẹsì náà ṣì wà níbẹ̀, adìyẹ méjì sì ti ń ṣa ẹnu àpò náà.